Sàlẹ́ńsà: Ariwo àti Èéfín ní Ojú Ọ̀nà Rẹ́mọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, irú èyí tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù, wọ inú ọgbà ilé mi ní Ògèrè. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó rà á. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì ní, "Bàbá, abẹ́ igi máńgòrò yín ni mo fẹ́ fi ṣe gáréèjì lónìí." Nígbà tí mo yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, mo rí páìpù tuntun tí ń dán yinrin, agolo sàlẹ́ńsà kan, àwọn rọ́bà ìfikọ́, àti àpò nọ́ọ̀tì òun bóòtù. Ó fẹ́ yọ sàlẹ́ńsà tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì fi èyí tí ó rà ní ọjà Ládípọ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ìpẹtà ti jẹ ti àtijọ́ náà lu, ariwo rẹ̀ sì ti ń jí àwọn aládùúgbò.

Ohun tí ó mú mi gbé àga mi sún mọ́ ọn ni ọ̀rọ̀ kejì tí ó sọ. Ó ní ẹnì kan wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí yóò ra ibì kan tí ó wú bí ikùn lára páìpù àtijọ́ náà, nítòsí ẹ́ńjìnnì, àti pé owó rẹ̀ yóò ju iye tí òun ná sórí gbogbo páìpù tuntun lọ. "Kátálíìsì ni wọ́n ń pè é," ni ó wí. "Kò sí iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe, Bàbá. Sàlẹ́ńsà náà ni. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á tilẹ̀ tún mí dáadáa sí i."

Mo ní kí ó kọ́kọ́ jókòó. Ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ mi láti ọdún 1988, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ yẹn, "sàlẹ́ńsà náà ni," ni mo ń rò títí di òní, nítorí mo gbà pé inú rẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe wa wà.

Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ní èdè wọn ni ohun tí ń mú kí nǹkan dákẹ́. Agolo kan ṣoṣo ni orúkọ yìí tọ́ sí. Àwa kò fi mọ síbẹ̀. Gbogbo páìpù, láti ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì títí dé ẹnu ìdí ọkọ̀, sàlẹ́ńsà ni a ń pè é. Nípa bẹ́ẹ̀, ariwo nìkan ni orúkọ náà ń rán wa létí. Èéfín kò ní orúkọ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, bẹ́ẹ̀ èéfín gan-an ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìtàn ohun èlò yìí sì fi ara kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lọ́nà tí kì í sábà wá sọ́kàn ẹni. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1897, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Milton àti Marshall Reeves, ará ìpínlẹ̀ Indiana, gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù. Lẹ́yìn wọn ni Hiram Percy Maxim ṣe agolo tí ń pa ohùn ìbọn, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909, tí ó sì lo ọgbọ́n kan náà fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ta ni bàbá Maxim yìí? Òun ni Hiram Maxim tí ó ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì ni ìjà náà dá lé. Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Èkó, wọn kò fẹ́ kí òyìnbó àti oníṣòwò etí òkun máa gba ilẹ̀ àwọn kọjá lọ sí òkè láìgba àṣẹ. Gómìnà Carter fi ìbọn ṣí i. Bàbá ni ó ṣe ohun tí a fi ariwo ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ọmọ ni ó ṣe ohun tí a so mọ́ ìdí àwọn ọkọ̀ tí ó wá ń gba ọ̀nà náà.

Kò sì yẹ kí ó yani lẹ́nu pé ìdílé kan náà ni. Ìbọn ni ẹ́ńjìnnì. Epo yóò gbiná nínú ihò irin, èéfín tí a sé mọ́ yóò sì bẹ́ jáde bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin tí ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Inú agolo sàlẹ́ńsà dà bí ilé oníyàrá mélòó kan tí a dá ihò sí lára ògiri: ohùn yóò wọlé, yóò lu ògiri, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì pàdé ohùn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn a sì pa ara wọn. Irú mìíràn wà tí kò ní yàrá, tí ó jẹ́ páìpù gbọọrọ kan tí a lu ní ihò kéékèèké, tí a sì fi òwú gíláàsì wé kí ó máa fa ohùn mu. Irú èyí ni ọmọ náà rà. Ohùn rẹ̀ máa ń wúwo díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò lè bá wọn wí jù, nítorí àwa náà fẹ́ràn ohùn ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta lọ, ó fi Rẹ́mọ sílẹ̀. Mọ́tò ni ó wá kó kòkó àti obì wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìlú wa níhìn-ín, fi ọkọ̀ ṣòwò kí ó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, Bedford ni ó kún ojú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń ti ìlú òyìnbó wá. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni wọ́n ń kan ara rẹ̀ ní pákó, òun sì ni bọ́lẹ̀kájà. Agbégilódò ni èyí tí ń ru igi gẹdú. A máa ń dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó yọ sí wa. Bí a bá gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀, a ó ti sọ orúkọ olówó ọkọ̀ náà, àwa ọmọdé a sì máa tàhu sí i. Bí ìpẹtà bá jẹ sàlẹ́ńsà wọn dànù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá òmíràn. Ohùn ńlá ni iyì. Ọkọ̀ tí kò bú ramúramù gun òkè, ojú ọkọ̀ aláìsàn ni a fi ń wò ó.

Ní ti èéfín, a kò bẹ̀rù rẹ̀. Nínú ilé ìdáná àwọn ìyá wa, èéfín ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ó ń gbẹ àgbàdo tí a so sí àjà, òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Yorùbá ní èéfín ni ìwà, nítorí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Irú èéfín tí a mọ̀ nìyẹn, èyí tí ojú ń rí, tí ń ta ni lójú, tí í sì ń lé ni jáde kí ó tó ṣe ni níbi. Èyí tí mọ́tò gbé dé ni ojú kò rí.

Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Ní oṣù Kẹjọ 1978 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà tí ó lé ní 120, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ògèrè kọjá. Kí ó tó di ìgbà náà, ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ ìlú wa ni Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà, tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1930. Lẹ́yìn rẹ̀, tírélà ni. Àwọn awakọ̀ tí ń kó ẹrù láti èbúté Èkó lọ sí Òkè Ọya sọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa di ibùsùn. Ibi tí tírélà bá sùn, olóúnjẹ yóò dé. Bí olóúnjẹ bá dé, fọkanáísà yóò dé, mẹkáníìkì yóò tẹ̀ lé e, wẹ́dà yóò sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà kan ṣe ń jókòó ti ẹwìrì ní oríta ni àwọn wọ̀nyí ṣe jókòó ti iná wọn, orí Ògún náà sì ni wọ́n fi ń búra. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ìbá ti kú sójú ọ̀nà bí kò bá sí wọn.

Ní 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ojúlówó kúrò ní àrọ́wọ́tó. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bíi Bẹ́ljíọ̀mù àti Táíwánì wọ ẹnu àwọn ọlọ́kọ̀, èkíní fún ohun àlòkù tí a tú lára ọkọ̀ òyìnbó, èkejì fún èyí tí ó jọ ojúlówó tí kì í ṣe òun. Mo ní píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 nígbà náà, tí mo fi ń kó ẹrù fún ìyá mi, tí ó ń ta obì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 1988, sàlẹ́ńsà rẹ̀ já sílẹ̀. Mo béèrè iye ojúlówó, mo sì dákẹ́. Wẹ́dà kan ní ẹ̀bá ọ̀nà ní kí n má ṣèyọnu, ó gé páìpù omi onísínńkì, ó jó o mọ́ ibi tí ti àtijọ́ ti gé, ó sì dá a dúró ní abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, kò mú un dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ní kí n fi owó páìpù tí ó kù ra epo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ohùn ọkọ̀ náà dà bí ti Bedford ìgbà èwe mi. N kò ní purọ́, orí mi wú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ìyá mi àti agbọ̀n obì gbànja mẹ́fà lọ sí Sábó ní Ṣàgámù. Tírélà kan ti ṣubú dí ọ̀nà márosẹ̀, òjò sì ń rọ̀. A ti gbogbo fèrèsé, a kò pa ẹ́ńjìnnì nítorí bátìrì kò dára. Ó tó wákàtí kan tí a fi wà lójú kan. Ìyá mi ní orí ń fọ́ òun. Lẹ́yìn náà ó ní oorun ń kun òun. Mo ní kí wọ́n sùn díẹ̀. Orí ń fọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìbínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni. Nígbà tí mo pè wọ́n tí wọn kò dáhùn, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì gbé wọn sínú òjò. Òjò yẹn ni ó jí wọn. Wọ́n bì, wọ́n sì jókòó sórí koríko lẹ́bàá ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́ kí ojú wọn tó là. Ibà ni a pè é. Wọ́n mu agbo ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí n tó ka ìwé nípa carbon monoxide, tí mo sì rí i pé ohun tí ó ṣe ìyá mi ni wọ́n tò sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: orí fífọ́, èébì, oorun, lẹ́yìn náà ikú. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbà á dípò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gbé kiri ara, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀. Irú èéfín tí àjà ìyá mi kò kọ́ wọn nìyẹn. Ìdí nìyí tí páìpù fi gbọdọ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀, kọjá ibi tí ènìyàn ń jókòó, bí ó ti wù kí owó kéré tó. Ní ọdún 1988 yẹn kan náà ni ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ níhìn-ín, sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí ń rú èéfín jù wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí àjọ náà ń tìtorí rẹ̀ mú ni. Èéfín tí a rí ni wọ́n lè mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kátálíìsì ti wọlé nìyí. Ó wú níta, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí afárá oyin tí a fi ohun bí amọ̀ líle ṣe, tí a sì fi platinum, palladium àti rhodium kun. Bí èéfín gbígbóná bá gba ojú afárá náà kọjá, carbon monoxide yóò di carbon dioxide, epo tí kò jóná tán yóò sì parẹ́. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1975 ni Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ fi í sí lọ́pọ̀lọpọ̀. Yúróòpù sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun tí ń lo pẹtiróòlù ní 1993. Kì í ṣe nítorí ariwo ni wọ́n ṣe ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara páìpù kan náà ni ó wà. Àwa ni a fi orúkọ sàlẹ́ńsà bò ó. Ẹni tí ń rà á lẹ́bàá ọ̀nà ni ó mọ̀ ọ́n lórúkọ, nítorí ó mọ̀ pé ní ọdún 2021 owó ounce rhodium kan ju 20,000 dọ́là lọ. Ẹni tí ń tà á ni kò mọ ohun tí ó ń tà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí àwọn mẹkáníìkì wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ pé ohun náà ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, wọn kò parọ́. Pẹtiróòlù tí a ń lò nígbà náà ní òjé nínú, òjé sì ni ọ̀tá kátálíìsì. A máa bo ojú afárá náà títí yóò fi kú. Tòkunbọ̀ tí ó bá ti mu epo wa fún ìgbà díẹ̀ ń gbé òkú kiri ni, òkú tí ó sì lè dí ọ̀nà èéfín. Ẹni tí ó gé e sọnù kò ṣẹ̀. Ìgbà tí ọdún 2006 fi wọlé ni epo olójé kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Epo yí padà. Ìmọ̀ tí ọ̀gá ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kò yí padà. Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ ni.

A kò sì dá nìkan jẹ̀bi. Ní ọdún 2020, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí ń rí sí àyíká kéde pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni a kó láti ilẹ̀ kan dé òmíràn láàárín 2015 sí 2018, tí nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wá sí Áfíríkà. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba Netherlands yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéra, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti yọ kátálíìsì lára àwọn kan kí wọ́n tó kúrò ní èbúté òyìnbó. Nítorí náà, èyí tí ó bá tilẹ̀ bá ọkọ̀ rẹ̀ dé Ògèrè, bí àlejò tí ó la ogun já ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún un, kì í ṣe bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Ó gbọ́ tán, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà. "Bàbá, ẹ wo tírélà wọ̀nyẹn. Mélòó nínú wọn ni ó ní i? Owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn mi. Ṣé tèmi nìkan ni yóò tún ayé ṣe?" N kò ní èsì sí ìyẹn, n kò sì tíì ní in. Èéfín dúdú kan ń ga sókè láti ibùdó tírélà bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nínú òjò, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí ọwọ́ mi ni ó ti wá. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé Màmá Àgbà mọ̀?" Mo ní rárá, ibà ni wọ́n rò pé ó jẹ́ títí wọ́n fi sùn ní 1999.

A ṣiṣẹ́ náà. Ó ti da kẹ́rósìn sórí àwọn nọ́ọ̀tì tí ó dípẹtà ní alẹ́ àná. Ó fi igi há táyà, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo sì fi dandan lé e pé kí ó ki ìtì igi ńlá sábẹ́ rẹ̀ kí ó tó ra wọlé, nítorí jáàkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn kátálíìsì ni ó ti gé páìpù àtijọ́. Ojú kékeré méjì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń wo èéfín, ọ̀kan níwájú kátálíìsì, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, wà láàyè wọn. Ó fi omi ọṣẹ pa àwọn rọ́bà kí wọ́n lè wọlé, ó fi gbogbo rẹ̀ kọ́ láìdè é, ó wò ó pé kò kan táǹkì epo tàbí rọ́bà bíréèkì, kí ó tó wá ń dè é láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ibì kan ṣoṣo ni ó fẹ́ jó, mo sì ní kí ó tú bátìrì sílẹ̀. Nígbà tí ó ta iná sí ẹ́ńjìnnì, a bu omi ọṣẹ sí ojú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan hó. Ó tún un dè.

Ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín; mo rò pé ó rí i lójú mi pé mo gbádùn rẹ̀.

Páìpù àtijọ́ náà ṣì fara ti ògiri ẹ̀yìn ilé mi. Ọkùnrin tí ń ra kátálíìsì ti wá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé e, ó yí i wò, ó ní kò pé, ó sì béèrè ibi tí ìyókù rẹ̀ wà.